Ohun Tí Dókítà Rí Lẹ́yìn Ẹyinjú Desmond

Wurrabin, Ọsirélíà
Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kẹta, 1964

Màmá mi,

Ẹ kú òtútù, ẹ sì kú ìdánìkan-gbélé. Mo mọ̀ pé yìnyín kò tíì kúrò lẹ́nu ilẹ̀kùn yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ ara yín kó o. Ẹ bẹ Ọ̀gbẹ́ni Kolb, akọ̀wé ẹgbẹ́ Bàbá, kó wá bá yín kó o. Ní tiwa níbí, oòrùn ń yan wá bí ẹni yan búrẹ́dì. Lindsay ọkọ mi kí yín. Ó ní àwọn àgùntàn bímọ dáadáa lọ́dún tó kọjá.

Ọ̀rọ̀ Desmond ló mú mi jókòó. Mo ti kọ̀wé sí yín tẹ́lẹ̀ pé ọmọ ọmọ yín ń ṣubú ṣáá. Lindsay ní ẹsẹ̀ rẹ̀ ló wúwo. Olùkọ́ rẹ̀ ní kì í fọkàn sí nǹkan. Èmi náà, kí Ọlọ́run má bínú sí mi, mo ti nà án lẹ́ẹ̀mejì nítorí pé ó fẹsẹ̀ da wàrà nù. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, bí oòrùn ṣe ń wọ̀, bàbá rẹ̀ ní kó lọ ti géètì àwọn àgùntàn. A retí, a retí. Nígbà tí mo jáde, mo bá a tó dúró sáàárín pápá, ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú bí ẹni ń wá ògiri. Mo ní, "Des, kí lò ń ṣe níbẹ̀?" Ó ní, "Mò ń retí kí ẹnì kan sọ̀rọ̀, kí n lè mọ ibi tí ilé wà."

Màmá, ọmọ ọdún mẹ́jọ ni.

A gbé e lọ sí Perth. Dókítà fi iná wo inú ojú rẹ̀ fún bí wákàtí kan. Ó ní awọ tó wà lẹ́yìn ẹyinjú, èyí tó ń gba ìmọ́lẹ̀, ló ń kú díẹ̀díẹ̀. Òun rí àmì dúdú wẹ́wẹ́ níbẹ̀, bí ẹni wọ́n èédú. Ní báyìí ìrọ̀lẹ́ ni kì í rí. Tó bá yá, ẹ̀gbẹ́ ojú á máa pa dé, á máa wo ayé bí ẹni ń yọjú láti inú páìpù. Kò parí èyí tó kù.

Ó wá bi mí pé, "Ìyáàfin Pascoe, ṣé ọkùnrin kan wà nínú ìdílé ìyá yín tí ojú rẹ̀ fọ́ ní kékeré?" Mo ní rárá. Ó ní kí n má yára dáhùn, kí n bi yín léèrè. Ó ní irú kan wà nínú àrùn yìí tó jẹ́ pé obìnrin ló ń gbé e kiri lára láìmọ̀, àwọn ọmọkùnrin tó bá bí ni ojú wọn ń fọ́. Tó bá jẹ́ irú ìyẹn ni, ọmọkùnrin yòówù tí mo bá tún bí, bóyá kó mú un, bóyá kó má mú un. Èmi àti Lindsay sì ti ń fẹ́ ọmọ kejì. A ní ká dúró ná títí lẹ́tà yín á fi dé.

Nǹkan kejì: ṣebí ìwádìí ojú ni Ẹgbẹ́ Àwọn Arákùnrin Fìtílà tí Bàbá wà títí ó fi kú ń dá owó sí? Ṣebí ẹ̀yin náà lẹ máa ń yan pankéèkì fún wọn lọ́dọọdún? Ẹ bá mi bi wọ́n bóyá dókítà wọn lè wo Desmond. Mi ò tíì bẹ̀ yín ní nǹkan kan láti ìgbà tí mo ti kúrò nílé. Èyí ni mo bẹ̀.

Ọmọ yín,
Nadine


Calder Fork, Nebraska
Ọjọ́ kejì oṣù Kẹrin, 1964

Nadine ọmọ mi,

Lẹ́tà rẹ dé ní àná ọjọ́ Wẹ́sìdeè, mo sì kà á lórí ìdúró, ẹsẹ̀ mi ò jẹ́ kí n jókòó. Ẹ kú ìpayà. Ẹ kú ìnáwó. Sọ fún Desmond pé ìyá àgbà rẹ̀ ní kó máa rọra rìn, ayé ò sá lọ. Máa fún un ní káróòtì àti ẹ̀dọ̀ màlúù. Má jẹ́ kó máa kàwé lórí ìdọ̀bálẹ̀.

Ní ti ohun tí dókítà yín bi ọ́, kò sí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ nílé wa. Bàbá tèmi ka ìwé ìròyìn láìlo jígí títí ọjọ́ tó kú. Verl, àbúrò mi kan ṣoṣo, òtútù àyà ló pa á ní ọdún 1930, o mọ ìyẹn. Ojú rẹ̀ mọ́ kedere. Bí ẹ bá fẹ́ wá ibi tó ti wá, ẹ wo ọ̀dọ̀ àwọn Pascoe. Ìyá Lindsay kì í sọ̀rọ̀ nípa àwọn èèyàn rẹ̀, mo kíyè sí i nígbà tí ẹ kọ́kọ́ mú fọ́tò wọn wá. Ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ nípa èèyàn rẹ̀ ní ohun tó ń bò mọ́lẹ̀.

Mo ti rí Emmett Kolb. Ó ṣí fìlà, ó ní, "Arábìnrin Stroud, ọmọ ọmọ Harlan ọkọ yín kọ́? Kí lẹ tún ń bẹ̀bẹ̀ fún?" Ó ní òun á gbé e síwájú àwọn àgbà ẹgbẹ́. Dókítà Brandt ni orúkọ ẹni tí wọ́n ń ràn lọ́wọ́, ó wà ní yunifásítì, ó ń ṣe ìwádìí lórí awọ ẹ̀yìn ojú yẹn gan-an. Ìyẹn ni pé ọwọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n ni ọmọ rẹ máa bọ́ sí.

Ẹ má dáwọ́ ohun tí ẹ̀ ń ṣe dúró nítorí ìbéèrè dókítà. Ọmọ dára nílé.

Ìyá rẹ


Wurrabin
Ogúnjọ́ oṣù Karùn-ún, 1964

Màmá mi,

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọ̀gbẹ́ni Kolb.

Mo bi ìyá Lindsay. Mo rọra bi í, mo fi tíì lé e lọ́wọ́ kí n tó bi í. Kò mu tíì náà. Ó ní, "Láti ìgbà tí o ti wọ ilé yìí lo ti ń wá àléébù wa. Ó wá di pé afọ́jú ni wá?" Ó gbé báàgì rẹ̀, ó sì bá ọkọ̀ ẹni tó ń kó wàrà lọ sílé. Kò tíì padà wá. Lindsay ń bá mi sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n bí ẹni ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀ ni. Mo fara mọ́ ọn nítorí ọ̀rọ̀ yín. Mo ní ìyá mi kì í purọ́.

Mo kọ̀wé sí dókítà pé kò sí ẹnì kankan lọ́dọ̀ yín. Ó fèsì pé bó bá rí bẹ́ẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ara Desmond nìkan ló ti bẹ̀rẹ̀, ewu tó wà lórí ọmọ mìíràn kò pọ̀ mọ́. Nítorí náà, Màmá, a ò dúró mọ́. Mo ti lóyún. Ó ṣì kéré gan-an, ẹ̀yin ni mo kọ́kọ́ sọ fún lẹ́yìn Lindsay. Oṣù kìíní ọdún tó ń bọ̀ ni.

Desmond ní òun fẹ́ àbúrò tó máa di òun lọ́wọ́ mú tí ilẹ̀ bá ṣú. Ó sọ ọ́ bí àwàdà. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín.

Nadine


Calder Fork
Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹfà, 1964

Nadine,

Ẹ kú òtútù tiyín. Ooru ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wa, àgbàdo ti ga dé orúnkún.

Ẹgbẹ́ ti gbà. Wọ́n máa san owó ọkọ̀ òfurufú ọmọ náà àti ti ẹnì kan tó máa mú un wá, àti owó ilé ìwòsàn. Oṣù Kẹwàá ni Dókítà Brandt máa rí wọn. Kó kó aṣọ òtútù dání. Bá a rán bọ́tìnnì tó gé lára kóòtù rẹ̀ tí o sọ nínú lẹ́tà ọjọ́sí.

Mo gbé nǹkan sórí iná, mo gbọ́dọ̀ dìde.

Ìyá rẹ


Wurrabin
Ọjọ́ kìíní oṣù Keje, 1964

Màmá mi,

Mo ka lẹ́tà yín sókè sódò, mo yí ẹ̀yìn ìwé wò. Ẹ rántí bọ́tìnnì Desmond, ẹ ò rántí oyún mi. Kí ni mo ṣe? Ṣé nítorí pé mi ò wá sílé bímọ ni? Obìnrin àdúgbò tí ò mọ̀ mí rí hun ìbọ̀sẹ̀ fún mi. Ìyá mi ò kí mi kú oríire.

Lindsay ló máa mú Des wá. Dókítà ní kí n má wọ ọkọ̀ òfurufú ní irú ipò tí mo wà yìí. Ó máa fi iṣẹ́ oko sílẹ̀ fún aládùúgbò. Ẹ ṣe dáadáa sí i. Ó ṣì ń rò pé ẹ ní ìdílé òun lẹ́gbin.

Nadine


Wurrabin
Ọjọ́ kọkànlélógún oṣù Kẹjọ, 1964

Màmá,

Ọ̀sẹ̀ méje. Ọ̀gbẹ́ni Kolb kọ̀wé sí mi nípa tíkẹ́ẹ̀tì, ó ní ara yín le, pé ẹ ṣì ń wá sípàdé àwọn ìyàwó ẹgbẹ́. Kí ló wá dé tí ẹ ò lè kọ ìlà kan? Bí mo bá ṣẹ̀ yín, ẹ bú mi. Ẹ bú mi lórí ìwé, mo máa kà á.

Nadine


Calder Fork
Ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù Kẹwàá, 1964

Nadine ọmọ mi,

Lindsay àti Desmond ti wọ ọkọ̀ ní àná. Wọ́n máa délé ṣáájú lẹ́tà yìí. Mi ò sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ fún Lindsay. Ìwọ ni kí o kọ́kọ́ gbọ́. Jókòó kí o tó kà á.

Desmond ṣe bí akọni. Wọ́n lẹ wáyà mọ́ ojú rẹ̀, wọ́n fi sínú òkùnkùn, wọ́n ń tan iná sí i. Ó ń ṣẹ̀fẹ̀ pé wọ́n ń ya òun ní fọ́tò láàárín òru. Ní ọjọ́ kejì, Dókítà Brandt ní kí Lindsay mú un lọ lá áìsìkiríìmù nísàlẹ̀. Ó pa ilẹ̀kùn dé, ó fa àga mọ́ mi. Kò pariwo. Ó ní, "Ìyáàfin Stroud, mo ti rí ojú ọgọ́rùn-ún irú ọmọ yìí. Kì í bọ́ láti ojú ọ̀run. Ta ni?"

Mo ní, "Àbúrò mi."

Nadine, Verl kò kú ní ọdún 1930. Òtútù àyà kankan ò ṣe é. Láti ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ló ti ń na ọwọ́ síwájú ní ìrọ̀lẹ́, gẹ́gẹ́ bí o ṣe kọ ọ́ nípa Desmond. Nígbà tí mo ka ibẹ̀ nínú lẹ́tà rẹ, ó dà bíi pé o wà nínú àgbàlá wa nígbà yẹn. Nígbà tó fi máa pé ogún ọdún, kò rí nǹkan kan mọ́.

Ọdún yẹn ni bàbá rẹ fẹ́ mi. Ìyá rẹ̀ ti gbọ́ fìn-ín-fìn-ín pé afọ́jú wà nílé wa. Ó ní ọmọ òun ò ní gbé ìran afọ́jú wọlé. Bàbá mi gbé Verl sínú kẹ̀kẹ́ ẹṣin lọ sí ilé àwọn aláìní tí ìjọba ìbílẹ̀ kọ́ sí ìwọ̀ oòrùn, ó padà wá sọ fún gbogbo èèyàn pé ó kú níbi tó ti ń ṣiṣẹ́. Èmi ni mo gbé ìwọ̀nba aṣọ rẹ̀ sínú àpò. Ó bi mí pé, "Idella, ọjọ́ wo lo máa wá?" Mo ní ọjọ́ Sátidé. Sátidé yẹn ni ìgbéyàwó mi.

Bàbá rẹ kò mọ̀ títí ó fi kú. Nígbà tó wọ Ẹgbẹ́ Fìtílà, tó wálé wí pé ojú ni wọ́n fẹ́ ràn lọ́wọ́, mo wọ yàrá lọ sunkún, ó rò pé ìdùnnú ni. Pankéèkì tí o rí tí mò ń yan lọ́dọọdún, o rò pé nítorí inú rere ni.

Mo máa sọ èyí tó burú jù. Kérésì 1952, àwọn ìyàwó ẹgbẹ́ gbé oúnjẹ lọ sí ilé àwọn aláìní yẹn. Mo ti ń yẹra fún un láti ọdún dé ọdún, lọ́dún yẹn mi ò rí àwáwí. Verl jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó ń hun ìdí àga. Irun rẹ̀ ti funfun. Àwo kàn án, èmi ni mo gbé e lé e lọ́wọ́. Ó ní, "Ẹ ṣeun, mà." Mi ò sọ̀rọ̀, kó má baà mọ ohùn mi. Mo kọjá sí ọ̀dọ̀ ẹni tó tẹ̀ lé e.

Ó ṣì wà láàyè. Ọmọ ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta ni.

Nígbà tí o kọ́kọ́ bi mí, irọ́ yẹn ti di ara mi, kò dún létí mi bí irọ́ mọ́. Nígbà tí o wá kọ̀wé pé o ti lóyún, ọwọ́ mi ò gbé bírò. Mo rò pé bóyá obìnrin ni.

Dókítà Brandt ní kò sí ìtọ́jú. Mo bi í nípa ìwádìí. Ó ní ojú ehoro ni àwọn ṣì ń wò, kí àwọn lè mọ ohun tó ń pa awọ náà. Mo ní, "Ìgbà wo?" Ó ní, "Kì í ṣe fún ọmọ yìí, mà. Mi ò ní tàn yín."

Mi ò tọrọ ìdáríjì. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń tọrọ irú rẹ̀.

Ìyá rẹ


Calder Fork
Ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù Kejìlá, 1964

Nadine,

Ẹ kú ìmúra Kérésì. Mo fi ìbọ̀sẹ̀ ọmọ tuntun méjì ránṣẹ́. Mi ò mọ̀ bóyá o gba lẹ́tà mi.

Ìyá rẹ


Calder Fork
Ọjọ́ kejìlá oṣù Kejì, 1965

Nadine,

Oṣù kìíní ti kọjá. Sọ fún mi pé ara rẹ le, kí o má sọ nǹkan mìíràn. Kí Lindsay bá ọ kọ ọ́ bí ọwọ́ rẹ ò bá fẹ́.

Ìyá rẹ


Wurrabin
Ọjọ́ karùn-ún oṣù Kẹrin, 1965

Ìyáàfin Stroud,

Mo bí i ní ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù Kìíní. Ọkùnrin ni. Nígbà tí nọ́ọ̀sì gbé e sókè tó ní, "Ẹ kú oríire, ọkùnrin làǹtì-lanti," mo bú sẹ́kún, ó sì rò pé ìdùnnú ni. Ẹ mọ irú ẹkún yẹn.

Mo gba lẹ́tà yín. Mo kà á fún Lindsay ní ọjọ́ tí mo gbà á. Ó jáde lọ bá àwọn àgùntàn, kò wọlé títí ilẹ̀ fi ṣú. Nígbà tó wọlé, ó ní, "Màmá mi, ọmọ ọdún méjìdínláàádọ́rin, ló fi ọkọ̀ wàrà lọ sílé tẹkúntẹkún." Ìyẹn nìkan ló sọ. Mo lọ kúnlẹ̀ fún ìyá náà. Ó ní òun ti gbàgbé. Kò gbàgbé.

Ẹ kọ ọ́ pé ẹ rò pé bóyá obìnrin ni. Ká ní obìnrin ni, ńṣe ni ẹ̀yin ì bá tún dákẹ́, kí òun náà lè dàgbà, kó bí tirẹ̀, kó máa yà á lẹ́nu. Mo bi yín ní ìbéèrè kan ṣoṣo, Màmá. Ẹ ò lè ní ẹ ò mọ̀. Ẹ sọ fún mi pé ọmọ dára nílé.

Orúkọ rẹ̀ ni Colin. Ó máa ń tẹjú mọ́ mi tó bá ń mu ọyàn. Mi ò lè wo ojú rẹ̀ pẹ́.

Ẹ má fi ìbọ̀sẹ̀ ránṣẹ́ mọ́.

Nadine


Calder Fork
Ọgbọ̀njọ́ oṣù Karùn-ún, 1965

Nadine,

Mo gba lẹ́tà rẹ. Ohun tó wà nínú rẹ̀ tọ́ sí mi, mi ò ní sọ̀rọ̀ lé e lórí.

Mo sọ fún àwọn ẹgbẹ́. Mo dìde nínú ìpàdé, mo sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò sẹ́ni tó wò mí. Ìyàwó Kolb ń ka bọ́tìnnì ara aṣọ rẹ̀. Lẹ́yìn náà Emmett fúnra rẹ̀ fi mọ́tò gbé mi lọ sí ilé àwọn aláìní.

Verl wà nínú ọgbà. Mo ní, "Verl, Idella ni." Ó ní, "Mo ti pa ọ́ nínú ọkàn mi láti ọdún 1940, kí n lè yé retí Sátidé. Kí lo wá ṣe?"

Mo ní mo wá mú un lọ sílé. Mo ti pa kọ́bọ́ọ̀dù mọ́, mo ti tẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ àtijọ́ fún un. Ó ní, "Ilé wo? Níbí, mo mọ iye ìṣísẹ̀ tó dé ibi oúnjẹ. Mo mọ ilẹ̀kùn tó ń dún. O fẹ́ kí n tún bẹ̀rẹ̀ síí ṣubú ní ọjọ́ ogbó?" Kò bú mi. Ó padà sídìí àga tó ń hun. Mo jókòó tì í títí Emmett fi pè mí.

Gbogbo ọjọ́ Sátidé ni mo ń lọ báyìí. Kì í sábà sọ̀rọ̀.

Ìyá rẹ


Wurrabin
Ọjọ́ kẹjọ oṣù Kọkànlá, 1965

Màmá,

Lindsay ní kí n kọ̀wé. Ó ní ìyá ẹni kì í di àlejò.

Wọ́n fi oògùn kun Colin lóorun ní Perth lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n lẹ wáyà mọ́ ojú rẹ̀. Àrùn náà ti mú òun náà. Dókítà wá bá wa ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo sì mọ̀ ọ́n lára bó ṣe mú ìwé rẹ̀ mọ́ àyà. Àwọn méjèèjì, Màmá. Mi ò tíì lè sọ ọ́ jáde lẹ́nu, nítorí náà mo kọ ọ́ síbí lẹ́ẹ̀kan, mi ò ní tún un kọ.

Dókítà Brandt kọ̀wé sí wa. Ó ní Ẹgbẹ́ Fìtílà ti tún gbà láti ran iṣẹ́ òun lọ́wọ́ fún ọdún márùn-ún. Ó dára. Fún ọmọ àwọn ẹlòmíràn, ó dára.

Desmond kò lè gun kẹ̀kẹ́ mọ́. Ó ti ń kọ́ ìwé tí wọ́n ń fọwọ́ kà, ó sì kórìíra rẹ̀, ó ní ó dà bí ìgbà téèyàn ń fọwọ́ pa ara ọ̀pọ̀lọ́. Mo ti sọ ọ̀rọ̀ àbúrò yín fún un. Mo ní mi ò ní purọ́ fún ọmọ kankan nínú ilé yìí. Ó ní ká bá òun bi í ní nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ gan-an nìyí: "Ẹ bi Bàbá Verl pé, kí ni kí n wò dáadáa báyìí, kí n lè fi pa mọ́? Kí ni ó wúlò jù fún un?" Ó ti ń ka ìràwọ̀ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n kò rí wọn mọ́. Nísinsìnyí ó máa ń dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga Colin, á máa wò ó, á máa wò ó.

Ẹ bá a bi í.

Nadine


Calder Fork
Ọjọ́ kẹrin oṣù Kejìlá, 1965

Nadine ọmọ mi,

Ẹ kú àdánwò, ẹ kú ìrọ́jú, mi ò mọ kíkí tó kàn. Mo ka orúkọ Colin sókè nínú ilé ìdáná títí mi ò fi lè kà á mọ́.

Mo lọ ní òní ọjọ́ Sátidé. Mo ka ìbéèrè ọmọ náà fún Verl, mo kà á bó ṣe sọ ọ́. Ó gbé okùn tó fi ń hun àga sílẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mi ò rí i tó gbé e sílẹ̀ láàárín iṣẹ́. Ó ní kí n tún un kà. Mo tún un kà.

Ó ní, "Ọmọ ọdún mélòó?"

Mo ní, "Mẹ́sàn-án."

Ó ní, "Èmi náà kó o jọ. Mo kó ojú Màmá jọ, mo kó ẹṣin pupa wa jọ, àti òkè tó wà lẹ́yìn kànga. Gbogbo alẹ́ ni mò ń tò wọ́n, kí wọ́n má baà lọ. Màmá ló kọ́kọ́ lọ. Mo jí lọ́jọ́ kan, mi ò rí ojú rẹ̀ mọ́, aṣọ rẹ̀ ló kù. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan aṣọ náà lọ. Kò sí ohun tó kù níbẹ̀, Idella. Mo mọ̀ pé pupa ni ẹṣin náà, ṣùgbọ́n mi ò mọ ohun tí pupa jẹ́ mọ́."

Mo ní, "Kí ni kí n sọ fún ọmọ náà?"

Ó mú okùn rẹ̀ padà, ó fọwọ́ wá orí okùn náà kàn. Ó ní, "Sọ fún un pé mo ń rò ó."

A jókòó títí agogo oúnjẹ fi lù. Ó dìde, ó ka ìṣísẹ̀ rẹ̀ lọ.

O ní ẹ ò ní purọ́ fún ọmọ kankan nínú ilé yín mọ́. Èmi náà ti ṣíwọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ gbogbo ohun tí Verl sọ, mi ò yọ kankan kúrò. Ìwọ lo wà lọ́dọ̀ ọmọ náà, ìwọ lo máa pinnu ibi tí o máa kà dé tí ó bá jókòó síwájú rẹ.

Èmi ni,
Idella, ìyá rẹ